Ẹgbẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì àti ọmọ tó ti Kútọ̀nú dé: ìdáhùn fún ìyá kan ní Àgbádárìgì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kútọ̀nú ni a ti wá sí Àgbádárìgì, òróró àgbọn ni mo ń tà. Ọmọkùnrin mi wà ní SS1 ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Faransé ló fi kàwé láti kékeré, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tíì já gaara, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì máa ń pè é ní "ọmọ Kútọ̀nú". Tíṣà kan ní kó wá dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń ṣe rọ́bọ́ọ̀tì lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde ní kíláàsì. Bàbá rẹ̀ ní eré ọmọdé ni, pé á gba àkókò tó yẹ kó fi kàwé fún WAEC, pé owó ni wọ́n á máa bèèrè. Èrè wo ló wà níbẹ̀ fún ọmọ bíi tiwa, àti fún àwa òbí tí a kì í ṣe ọmọ ìlú?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ jẹ́ kó lọ.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ lọ bi tíṣà yẹn, torí òun ni gbogbo èrè tí mo fẹ́ sọ dúró lé: iṣẹ́ wo ni wọ́n fẹ́ gbé lé ọmọ yín lọ́wọ́? Bó bá jẹ́ pé kó kàn máa wo àwọn yòókù ni, kó máa gbálẹ̀, kó máa gbé àpótí irinṣẹ́ kiri, òótọ́ ni bàbá rẹ̀ sọ. Bó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ fún un ní apá kan tó jẹ́ tirẹ̀, tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tí kò bá wá, iṣẹ́ gbogbo wọn dúró, ohun tí ọmọ yín máa rí gbà níbẹ̀ tóbi ju rọ́bọ́ọ̀tì lọ.

Iṣẹ́ mi ni láti máa kọ́ àwọn tíṣà bí wọ́n ṣe ń darí irú ẹgbẹ́ báyìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí àwọn ọmọ náà ń ṣe gan-an. Rọ́bọ́ọ̀tì wọn kì í ṣe èyí tó ní orí àti apá bí ènìyàn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọkọ̀ kékeré ni, tó ní táyà méjì tàbí mẹ́rin. Pátákó iná kan wà nínú rẹ̀ tó dà bí ọpọlọ. Arduino ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń lò, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ìlú Ivrea ní Ítálì ní 2005 kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó púpọ̀ lè rí nǹkan fi kọ́ṣẹ́. Ọmọ kan á kọ àṣẹ láti orí kọ̀ǹpútà sínú pátákó yìí. Òmíràn á so wáyà láti ibẹ̀ dé ibi tó ń yí táyà. Òmíràn á kan ara rọ́bọ́ọ̀tì náà, yálà pákó ni o, tàbí ike. Ẹnì kan á mójú tó sẹ́ńsọ̀ tí rọ́bọ́ọ̀tì fi ń mọ̀ pé nǹkan wà níwájú: á ju ìró kan tí etí wa kò lè gbọ́ síwájú, ìró náà á kọlu ògiri, á padà, wọ́n á wá fi àkókò tó fi lọ tó fi bọ̀ ṣírò bí ògiri náà ṣe jìnnà tó. Ìró ń rin nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹni tó ń ṣe ìṣirò náà sì gbọ́dọ̀ rántí pín in sí méjì, torí àlọ àti àbọ̀ ni. Físíìsì SS1 nìyẹn, àmọ́ lórí ilẹ̀, níbi tí táyà á ti lọ gbá ògiri bí ìṣirò bá ṣì. Ẹlòmíràn á máa kọ gbogbo ohun tí wọ́n ṣe sínú ìwé, torí àwọn adájọ́ ìdíje máa ń bèèrè rẹ̀.

Bí ẹni tó so wáyà bá so ó lódì, kóòdù tó dára jù lọ, ìyẹn àṣẹ tí wọ́n kọ láti orí kọ̀ǹpútà, kò ní mú táyà yí. Bí ẹni tó kan ara rọ́bọ́ọ̀tì bá gbé ìwúwo sí ẹ̀gbẹ́ kan, á máa dojú dé. Kò sí ọmọ tó gbọ́n tó pé kó dá a ṣe tán kí ọjọ́ ìdíje tó pé. Wọ́n gbọ́dọ̀ bá ara wọn sọ̀rọ̀, bí wọn kò tilẹ̀ fẹ́ràn ara wọn.

Ìdí tí mo fi tẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Austin ní ìpínlẹ̀ Texas ní 1971. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun, àwọn ọmọ adúláwọ̀ àti àwọn ọmọ tí ìran wọn ti Mẹ́síkò wá pọ̀ sí kíláàsì kan náà ni, ìjà kò sì dáwọ́ dúró. Wọ́n pe Elliot Aronson, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń ṣèwádìí nípa ìwà ènìyàn, pé kó wá wò ó. Òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ gé ẹ̀kọ́ sí wẹ́wẹ́, wọ́n pín àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́ kéékèèké, wọ́n sì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní apá kan ṣoṣo tí òun nìkan á kọ́ àwọn yòókù. Ọmọ tí wọ́n ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ di ẹni tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi sùúrù gbọ́, torí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ máa jáde nínú ìdánwò. Wọ́n dẹ́kun yẹ̀yẹ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti dáhùn. Ọ̀mọ̀wé mìíràn, Gordon Allport, ti kọ ọ́ láti 1954 pé kíkó ènìyàn jọ sí ojú kan kò tó láti pa ìkórìíra rẹ́: ó yẹ kí wọ́n dúró ní ìpele kan náà, kí ohun kan náà jẹ wọ́n lógún, kí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ lé e lórí, kí àwọn aláṣẹ sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Tíṣà tó ń kọ́ wọn ní Ìtàn lè fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, á jókòó pín ẹ̀kọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Rọ́bọ́ọ̀tì ti wá ní pípín tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, ó ṣeé bàjẹ́, mo sì ti rí ibi tí wọ́n ti bà á jẹ́. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú jù ní Gẹ̀ẹ́sì á gba laptop, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á máa bá wọn di tọ́ọ̀ṣì mú. Kì í ṣe pé tíṣà náà burú. Ọmọ tí kò gbọ́ èdè máa ń dákẹ́, àwọn àgbà sì máa ń rò pé ẹni tó dákẹ́ kò mọ nǹkan ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ lọ bèèrè.

Ọ̀rọ̀ "ọmọ Kútọ̀nú" yẹn dùn mí nígbà tí mo kà á, torí Àgbádárìgì ni. Ìlú tí àwọn Ègùn ibẹ̀ ń sọ èdè kan náà pẹ̀lú àwọn ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), tí ẹbí kan náà ní ilé níhìn-ín àti lọ́hùn-ún bọ́dà Sẹ̀mẹ̀, tó jẹ́ pé òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì àti òyìnbó Faransé ló fa ìlà sáàárín wọn. Ní Àjàrà, nínú Àgbádárìgì kan náà, ìjọba àpapọ̀ dá Abúlé Èdè Faransé sílẹ̀ ní 1991, àwọn yunifásítì káàkiri Nàìjíríà sì ń rán akẹ́kọ̀ọ́ wọn wá síbẹ̀ kí wọ́n lè máa gbé nínú èdè náà. Ohun tí ọmọ ẹlòmíràn ń ti ọ̀nà jíjìn wá kọ́ ni ọmọ yín ti ní lẹ́nu, òun náà ni wọ́n sì fi ń bú u ní ilé-ẹ̀kọ́ tí kò jìnnà síbẹ̀.

Nínú ẹgbẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì, Faransé yẹn ní iṣẹ́ tó máa ṣe. Àlàyé àti fídíò lórí Arduino pọ̀ jọjọ ní èdè Faransé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí àwọn yòókù bá wá ojútùú ní Gẹ̀ẹ́sì tí wọn kò rí i, ó lè wá a níbòmíràn. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ náà á sì máa wọlé lọ́nà tí ìwé gírámà kò lè gbà fún un, torí nǹkan tó ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n á ní kó mú wáyà pupa wá, kó tú nọ́ọ̀tì yẹn, kó yí i sí òsì. Bó bá ṣì í gbọ́, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n á mọ̀, wọ́n á sì tún un sọ láìsí pé gbogbo kíláàsì ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti àwọn ọmọ kan fún yín. Ní Phoenix, ní ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà, ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan wà tó ń jẹ́ Carl Hayden. Àdúgbò tálákà ni, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ló sì jẹ́ ọmọ àwọn tó ti Mẹ́síkò wá. Tíṣà méjì, Allan Cameron àti Fredi Lajvardi, ló ń darí ẹgbẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì níbẹ̀. Lajvardi fúnra rẹ̀, Iran ni wọ́n bí i sí. Ní 2004, wọ́n kó ọmọ mẹ́rin tí wọ́n bí sí Mẹ́síkò lọ sí Santa Barbara ní California fún ìdíje rọ́bọ́ọ̀tì tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ omi, èyí tí àjọ MATE ṣètò. Ìpele tí àwọn yunifásítì wà ni wọ́n wọ̀, MIT, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó lókìkí ní Amẹ́ríkà, sì wà lára wọn. Páìpù ike, irú èyí tí púlọ́mbà fi ń gbé omi wọlé, ni wọ́n fi kan rọ́bọ́ọ̀tì tiwọn. Gbogbo ìnáwó wọn lórí rẹ̀ kò tó 1,000 dọ́là.

Kó tó di ọjọ́ ìdíje, omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú àpótí tí wáyà wà. Kò sí àyè mọ́ láti tú u palẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ní kí wọ́n wá nǹkan tó máa ń fa omi mu sínú rẹ̀, wọ́n sì lọ ra irú èyí tí obìnrin máa ń lò fún nǹkan oṣù, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú àpótí. Ó fa omi náà. Nígbà tí wọ́n ka èsì, Carl Hayden ló ṣe ipò kìíní, MIT tẹ̀lé wọn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù níbẹ̀ ni pé wọ́n tún gba ẹ̀bùn ìwé tí wọ́n kọ nípa iṣẹ́ wọn. Àwọn ọmọ tó jẹ́ pé èdè Sípéènì ni wọ́n ń sọ nílé ló kọ ìwé ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn adájọ́ fi sípò kìíní, torí wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́ ṣàlàyé, ọwọ́ wọn ni wọ́n sì fi ṣe é.

Ọ̀rọ̀ náà kò parí síbẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ yẹn tẹ̀ síwájú, nígbà tó sì di 2008 wọ́n gba ẹ̀bùn tó ga jù lọ nínú ìdíje FIRST, àjọ tó ń ṣètò ìdíje rọ́bọ́ọ̀tì fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, tí Dean Kamen dá sílẹ̀ ní 1989. Rọ́bọ́ọ̀tì tó yára jù kọ́ ni wọ́n ń fún ní ẹ̀bùn yìí. Ẹgbẹ́ tó ṣiṣẹ́ dáadáa láàárín àwọn ará àdúgbò rẹ̀ ni wọ́n ń fún.

Ẹ gbọ́ èyí tó korò níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mẹ́rin náà, Oscar Vazquez, parí ẹ̀kọ́ ẹnjiníà ní Arizona State University ní 2009, ṣùgbọ́n kò ní ìwé tó fún un láyè láti máa gbé Amẹ́ríkà. Ó padà sí Mẹ́síkò láti lọ tún un ṣe, wọ́n sì fòfin dè é pé kò gbọ́dọ̀ wọlé mọ́ fún ọdún 10. Ìgbà tí Sẹ́nétọ̀ Dick Durbin dá sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni wọ́n tó jẹ́ kó padà ní 2010. Ó wọ iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, wọ́n sì rán an lọ sí Afghanistan. Ìmọ̀ rẹ̀ kò lè dúró dípò ìwé.

Fún ìdí èyí, Màmá, ẹ má fi ìwé ọmọ yín falẹ̀. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún ọmọ orílẹ̀-èdè Benin láyè láti wọ Nàìjíríà láìgba físà fún 90 ọjọ́. Ẹni tó fẹ́ gbé ju bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ lọ gba ìwé ìgbélùú lọ́dọ̀ àwọn Imigiréṣọ̀n. Òun ló máa jẹ́ kó lè gba NIN, nítorí ọmọ Nàìjíríà àti àjèjì tó ń gbé ibẹ̀ lábẹ́ òfin ni wọ́n ń fún ní NIN, láìsí i kò sì ní lè forúkọ sílẹ̀ fún JAMB. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí tó wà ní SS1. Ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀ láti Kútọ̀nú àti ìwé-ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ tó ti kúrò, ẹ kó gbogbo rẹ̀ sí ojú kan. Bí ẹgbẹ́ náà bá lọ bá ẹlòmíràn díje lókè òkun lọ́jọ́ kan, páásípọ́ọ̀tù ni wọ́n á kọ́kọ́ bèèrè.

Ní ti bàbá rẹ̀, ẹ̀rù tó ń bà á kì í ṣe lásán. Orílẹ̀-èdè Benin kò sí nínú WAEC. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣèdánwò níbẹ̀ yàtọ̀, ọmọ tó bá sì ti ibẹ̀ wá ní nǹkan púpọ̀ láti lé bá, pàápàá Gẹ̀ẹ́sì, tí yunifásítì wa máa ń béèrè kírẹ́díìtì nínú rẹ̀. Mi ò ní sọ fún yín pé rọ́bọ́ọ̀tì á kọ́ ọ ní àròkọ. Ẹ wá olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì fún un lọ́tọ̀ bí agbára bá ká a. Ohun tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà ni pé ìṣirò àti Físíìsì rẹ̀ kò ní fàsẹ́yìn nítorí ẹgbẹ́ yìí, bí wọn kò bá ṣe é lójoojúmọ́. Láti 2012 ni àwọn olùwádìí yunifásítì Brandeis ní Amẹ́ríkà ti ń tẹ̀lé àwọn ọmọ tó wà nínú ẹgbẹ́ FIRST, wọ́n ń fi wọ́n wé àwọn ọmọ tí kò sí níbẹ̀. Ìfẹ́ tí àwọn ti inú ẹgbẹ́ ní sí sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, ó sì hàn jù lára àwọn ọmọbìnrin. Bó bá ní àbúrò tó jẹ́ obìnrin, ẹ rántí èyí nígbà tí tirẹ̀ náà bá tó. Ọjọ́ kan tàbí méjì lọ́sẹ̀ tó ní SS1 àti SS2. Bó bá wọ SS3, kó dín in kù.

Ti owó ńkọ́? Owó LEGO, àwọn ike kéékèèké tí wọ́n ń tò pọ̀, tí wọ́n fi ń ṣe ìdíje FIRST LEGO League ga, ilé-ẹ̀kọ́ ló sì yẹ kó rà á, kì í ṣe òbí kan. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó ń lo Arduino lè fi owó díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin ará Àgbádárìgì sì ní ohun tí àwọn ará Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú kò ní: ojú títì yín gan-an ló gba ẹ̀gbẹ́ ọjà Àlàbà kọjá ní Ọ̀jọ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tókunbọ̀ tó ti kú, tí wọ́n ń tà bí pàǹtí níbẹ̀, ní gíà eléyín, bẹ́líìtì àti ẹ̀rọ tó ń yí nǹkan nínú, gbogbo rẹ̀ sì wúlò fún rọ́bọ́ọ̀tì. Bí tíṣà bá ń bèèrè owó gọbọi lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù, ẹ ní kó kọ ohun tó fẹ́ fi rà sílẹ̀.

Ẹ wá bi mí nípa ẹ̀yin òbí. Mo rò pé ibí ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ti ń sọ nǹkan ńlá nù. Òbí tó ti ibòmíràn wá kì í sábà dé ilé-ẹ̀kọ́ àfi bí ọmọ bá ṣẹ̀. Ìpàdé PTA, Gẹ̀ẹ́sì ni. Á jókòó sẹ́yìn, á sì lọ sílé láìsọ nǹkan kan. Ẹgbẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì máa ń nílò ohun tí àwọn òbí yìí mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n nílò wẹ́dà tó lè jó irin tẹ́ẹ́rẹ́ láìlu ú. Ẹni tó ń kan ọkọ̀ ojú omi mọ bí a ṣe ń mú pákó tẹ̀ àti bí a ṣe ń dí i kí omi má wọlé. Ẹni tó ń tún ọ̀kadà ṣe mọ ṣéènì àti eyín rẹ̀ ju ìwé lọ. Ẹni tó ń tún rédíò ṣe lè kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà pọ̀ láìjó ọwọ́. Bó bá jẹ́ Tógò tàbí Àjàṣẹ́ ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti wá, ọjọ́ tó bá wọ yàrá yẹn, tí ọmọ onílé àti ọmọ àlejò jọ dúró tì í kí wọ́n lè wo ọwọ́ rẹ̀, wọ́n á kí i bí wọ́n ṣe ń kí tíṣà.

Ẹ̀yin náà, Màmá. Nínú ìdíje FIRST LEGO League, èyí tí wọ́n ń ṣe ní Nàìjíríà pẹ̀lú, kì í ṣe ìṣẹ́jú méjì àbọ̀ tí rọ́bọ́ọ̀tì fi ń sáré lórí tábìlì nìkan ni wọ́n ń fún ní máàkì. Ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ wá ìṣòro kan, kí wọ́n bá àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì ronú ojútùú sí i. Àkòrí máa ń yí padà lọ́dọọdún, àmọ́ ẹgbẹ́ tí kò tíì lọ ìdíje kankan lè ṣe é fúnra rẹ̀. Ẹ wo àgbọn tí ẹ ń tà. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ìdajì ẹran àgbọn tútù. Bí wọ́n bá fẹ́ sá a kí wọ́n tó fún òróró rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gbẹ títí omi inú rẹ̀ á fi kù sí nǹkan bíi 6 tàbí 7 nínú ọgọ́rùn-ún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á bu. Bí iná bá sì pọ̀ jù, á jó, òróró á dúdú. Sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ooru kò wọ́n. Àwọn ọmọ lè so ó mọ́ Arduino, kí aago máa dún bí ooru inú ààrò bá ti kọjá ààlà. Ṣùgbọ́n ààlà náà, wọn kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Wọ́n á ní láti wá bá yín ní Agbálátà tàbí nílé, kí wọ́n bi yín bí ẹ ṣe ń mọ̀ pé ó ti gbẹ tó, ẹ ó sì dá wọn lóhùn ní Fọ̀n tàbí Ègùn, ọmọ yín á sì túmọ̀ ohun tí àwọn yòókù kò bá gbọ́. Àwọn ọmọ tó ń pè é ní ọmọ Kútọ̀nú á jókòó síwájú ìyá rẹ̀ pẹ̀lú bírò lọ́wọ́.

Èrè tí mo mọ̀ fún ẹ̀yin òbí nìyẹn. Àwọn ará ìlú á mọ̀ yín nípa ohun tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe, ilé-ẹ̀kọ́ á ní ìdí láti kan ilẹ̀kùn yín yàtọ̀ sí ẹjọ́, ọmọ yín á sì rí i pé ohun tó wà nílé òun wúlò níta.

Ohun tó lè ṣe é ní jàǹbá kò pọ̀. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù lè gbiná bí wọ́n bá gún un tàbí tí wọ́n so ó lódì, nítorí náà kí wọ́n má ṣe fi í sí ṣájà kí wọ́n sì kúrò níbẹ̀. Irin tí wọ́n fi ń jó lẹ́ẹ̀dì gbóná, èéfín rẹ̀ kò sì dára fún àyà. Kí fèrèsé ṣí sílẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá lọ rí tíṣà náà, ẹ mú ọmọ yín dání. Ẹ ní kó sọ ohun tó fẹ́ràn jù lójú yín méjèèjì, yálà wáyà ni, kóòdù ni, tàbí kíkan nǹkan, kí tíṣà sì sọ ọjọ́ tí iṣẹ́ yẹn máa bọ́ sí i lọ́wọ́. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan, ẹ yà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ṣe é, ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ tọ́ọ̀ṣì ló ṣì ń dì mú, ẹ padà lọ bá tíṣà náà sọ̀rọ̀, kí ẹ má sì bẹ̀rù nítorí pé ẹ kì í ṣe ọmọ ìlú.